Bí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Bá Kú: Ìrìnàjò Wa sí Abẹ́ Igi Búdà ní Bodh Gaya

A júbà Olódùmarè, ọba àìkú. A júbà Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín. A júbà ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ tí kò bínú. A júbà àwọn olúwo tí wọ́n fi sùúrù kọ́ wa, àwọn tí wọ́n ṣì wà pẹ̀lú wa àti àwọn tí wọ́n ti relé. Kí ìbà wa ṣẹ.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ojúbọ àti ìtọ́jú rẹ̀, ọ̀pọ̀ yóò ti rò pé Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. A mọ iyì àwọn ibi wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ojúbọ àwọn ẹlòmíràn ni a fẹ́ mú yín lọ lónìí, ní ilẹ̀ Íńdíà, nítorí pé ẹni tí ó bá wo ilé aládùúgbò rẹ̀ dáadáa ni í mọ ibi tí òrùlé tirẹ̀ ti ń jò.

Ọ̀nà tí ó gbé wa débẹ̀

Awo mẹ́ta ni a jọ lọ. Ọmọ awo wa kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Delhi ni ó gbà wá lálejò. Nígbà tí a parí ohun tí a bá lọ, ó bi wá bóyá a fẹ́ rí Bodh Gaya, ibi tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kà sí mímọ́ jùlọ lórí ilẹ̀ ayé.

Awuyewuye díẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàrin wa. Ọ̀kan nínú wa bèèrè pé, ṣé babaláwo tí ó ti wọ igbódù yẹ kí ó lọ tẹríba níwájú ojúbọ ẹlòmíràn? Ìbéèrè tí ó mọ́gbọ́n dání ni. A gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, a bi Ifá. Ifá fọre. Ó ní kí a lọ, ṣùgbọ́n kí ojú wa ṣáájú ẹnu wa. Ìkìlọ̀ yìí ni a mú rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọkọ̀ ojú irin ni a wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà; ilẹ̀ ti mọ́ kí a tó dé Gaya, ní ìpínlẹ̀ Bihar. Gaya fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìlú yẹpẹrẹ. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń ti gbogbo Íńdíà wá síbẹ̀ láti bọ àwọn baba ńlá wọn. Ní etí odò Phalgu, a rí àwọn ọmọ tí wọ́n fá orí kodoro, tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun tí a rọ róbótó bí òkèlè bọ àwọn òbí wọn tí wọ́n ti kú. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyanrìn lásán ni ènìyàn yóò rí lójú odò náà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ gbẹ́ iyanrìn ọ̀hún díẹ̀, omi yóò sun jáde. Ẹni tí ó dàgbà jù nínú wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo omi náà títí, ó ní: “Ojú odò ló gbẹ, orísun kò gbẹ.” A kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ yìí ni a ó gbé padà wálé.

Láti Gaya sí Bodh Gaya kò ju nǹkan bí kìlómítà 15 lọ. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, irú èyí tí a ń pè ní Màrúwá nílé, ni ó gbé wa dé ẹnu ọ̀nà.

Ta ni Búdà, kí ni ó sì ṣẹlẹ̀ lábẹ́ igi náà?

Búdà kì í ṣe orúkọ àbísọ. Oyè ni; ìtumọ̀ rẹ̀ ni “ẹni tí ó jí”. Siddhartha ni orúkọ rẹ̀, Gautama ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Láàrin àwọn ẹ̀yà Shakya ni a bí i sí, ní Lumbini tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Nepal lónìí, ó sì ti lé ní 2,400 ọdún sẹ́yìn. Ìtàn wọn sọ pé inú ọlá ni ó dàgbà sí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí arúgbó, tí ó rí aláìsàn, tí ó rí òkú, tí ó sì tún rí ẹnì kan tí kò ní nǹkan kan ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ọkàn tirẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ní ọmọ ọdún 29, ó fi aya, ọmọ àti ilé ọlá sílẹ̀, ó lọ wá ohun tí ó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ìyà.

Ọdún mẹ́fà ni ó fi ń febi pa ara rẹ̀ títí egungun ìhà rẹ̀ fi ṣeé kà. Kò rí ohun tí ó ń wá. Obìnrin kan tí à ń pè ní Sujata gbé ìrẹsì tí a fi wàrà sè fún un, ó sì jẹ ẹ́. Àwọn márùn-ún tí wọ́n jọ ń fi ìyà jẹ ara wọn bínú, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n rò pé ó ti rẹ̀wẹ̀sì. Ó jókòó sábẹ́ igi kan nítòsí odò Niranjana, ó kọjú sí ìlà oòrùn, ó sì pinnu pé òun kò ní dìde títí òun yóò fi rí òótọ́. Ẹni ọdún 35 ni nígbà náà.

Wọ́n ní Mara, ẹni tí í dán ènìyàn wò, fi ẹ̀rù bà á, ó fi adùn tàn án, kò gbọ̀n. Níkẹyìn ó bi í pé, ta ni ẹlẹ́rìí rẹ pé ìjókòó yìí tọ́ sí ọ? Siddhartha kò pe ènìyàn. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀. Ilẹ̀ ni ó pè ní ẹlẹ́rìí. Kí ojúmọ́ tó mọ́, ó ti jí.

Àwa tí à ń mu ilẹ̀, àwa tí a mọ̀ pé ẹni tí ó bá da ilẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ, a kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Síbẹ̀, kí a ṣọ́ra. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn láti máa sọ pé Ọ̀rúnmìlà ni gbogbo ọlọ́gbọ́n ayé, pé ọ̀kan náà ni òun àti Búdà. A kò rí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Búdà kò dá ìkín, kò sì fara mọ́ ẹbọ tí a fi ẹran rú. Ọ̀nà tirẹ̀ ni ó tọ̀. Àwọn àgbà ni wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Wọn kò sọ pé gbogbo ọ̀nà ọjà ọ̀nà kan ṣoṣo ni. Ọ̀wọ̀ tí a ní fún ilé aládùúgbò kò ní kí a sọ ilé rẹ̀ di tiwa.

Bí wọ́n ṣe ń wọ ojúbọ náà

A bọ́ bàtà. A fi fóònù wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣọ́ wọn lóde, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí a mú un wọlé. Ìṣọ́ náà le láti ìgbà tí àwọn kan ti fi àdó olóró ṣọṣẹ́ nínú ọgbà náà ní ọjọ́ 7, oṣù Keje, ọdún 2013. Ó ṣe àwọn ènìyàn léṣe, ṣùgbọ́n igi náà kò gbọgbẹ́.

Bíríkì amọ̀ ni a fi kọ́ tẹ́ńpìlì tí wọ́n ń pè ní Mahabodhi. Gíga rẹ̀ tó 55 mítà. Ó fẹ̀ nídìí, ó sì ṣe ṣóńṣó lókè, ilé ṣóńṣó kéékèèké mẹ́rin sì dúró ti orígun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilé náà ti wà láti nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Àjọ UNESCO fi í sínú àkójọ ogún àgbáyé ní ọdún 2002, ọdún mẹ́ta ṣáájú igbó Ọ̀ṣun tiwa tí ó wọ inú àkójọ kan náà ní ọdún 2005. Nínú yàrá ìsàlẹ̀ ni ère Búdà aláwọ̀ wúrà wà, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kan ilẹ̀. Ní ẹ̀yìn ilé náà, ní apá ìwọ̀ oòrùn, ni igi náà dúró sí. Láàrin igi àti ògiri ni òkúta pẹlẹbẹ kan wà tí ó ń fi ibi tí Búdà jókòó hàn.

Bí ènìyàn bá ń yí ojúbọ náà ká, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ojúbọ gbọ́dọ̀ wà. Báyìí ni gbogbo wọn ṣe ń rìn, láìkánjú: àwọn ará Sri Lanka nínú aṣọ funfun, àwọn ará Thailand, àwọn ará Jàpáàní, àwọn tí ó ti ilẹ̀ tí àwọn baba wa tí wọ́n lọ ogun ayé kejì ń pè ní Bọ́mà wá. Àwọn ará Tibet ni ó yà wá lẹ́nu jù. Ìdọ̀bálẹ̀ ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, gbalaja, lórí pákó gígùn tí ara ènìyàn ti yún di dídán. Ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, obìnrin ń dọ̀bálẹ̀, wọn a dìde, wọn a tún nà gbalaja. Àwọn mìíràn ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti ṣe é ní ìgbà 100,000, wọ́n sì ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ wọn kà á. Ọmọ Yorùbá tí ó bá rò pé òun mọ ìdọ̀bálẹ̀, kí ó lọ wò wọ́n.

Ní tiwa, a kò wárí fún ère, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì yájú sí i. A kúnlẹ̀, a fi ìka kan ilẹ̀, a fi kan iwájú orí wa, a dákẹ́. Ẹni tí ó bèèrè ìbéèrè lánàá ni ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó wọ̀ wá lára. Ìtàn wọn sọ pé lẹ́yìn tí Búdà jí, ó lo ọ̀sẹ̀ méje ní àyíká náà kí ó tó lọ kọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti sàmì sí ibi tí ó ti lo ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní ó dúró lókèèrè díẹ̀, ó ń wo igi náà láìṣẹ́jú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ṣe ibòòji fún òun. Ènìyàn rí òótọ́ tán, igi ni ó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Awo tí kì í já ewé láìbá ewé sọ̀rọ̀ yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Igi tí a gé, igi tí ó wó, igi tí a tún gbìn

Igi náà bá ọdán àti ọ̀pọ̀tọ́ tan. Ewé rẹ̀ rí bí ọkàn, ìrù gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀, débi pé bí atẹ́gùn kò tilẹ̀ pọ̀, ewé náà yóò máa mì. A kì í já a. Èyí tí ó bá já bọ́ fúnra rẹ̀ ni àwọn àlejò ń sáré ṣà, tí wọ́n sì ń fi sínú ìwé gbé lọ sílé.

A bi olùṣọ́ kan níbẹ̀ pé, ṣé igi yìí gan-an ni Búdà jókòó sábẹ́ rẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. A ní, ṣé kì í ṣe ọdún 1881 ni a gbìn ín? Ó rẹ́rìn-ín, ó tún ní bẹ́ẹ̀ ni. A kọ́kọ́ rò pé ó ń fi wá ṣeré. Nígbà tí a gbọ́ ìtàn náà tán, a rí i pé òótọ́ ni ó sọ lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ní nǹkan bí 2,280 ọdún sẹ́yìn, Ọba Ashoka, tí ó jọba lórí apá tí ó pọ̀ jù nínú Íńdíà, ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀. Àkọlé tí ó mú kí a gbẹ́ sára àpáta jẹ́rìí sí i. Ìtàn àwọn ará Sri Lanka sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ayaba rẹ̀ jowú igi náà nítorí ìfẹ́ tí ọba ní sí i, ó sì wá ọ̀nà láti pa á. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan ti jáde kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó o. Sanghamitta, ọmọbìnrin Ashoka, ni ìtàn sọ pé ó gbé e gba orí òkun lọ sí Sri Lanka, tí wọ́n sì gbìn ín sí ìlú Anuradhapura. Igi yẹn ṣì wà láàyè títí di òní. A kà á mọ́ àwọn igi tí ó dàgbà jùlọ láyé nínú èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ gbìn, tí a sì kọ ìgbà tí a gbìn ín sílẹ̀.

Ní nǹkan bí 1,400 ọdún sẹ́yìn, Xuanzang, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà tí ó fi ẹsẹ̀ rìn dé Íńdíà, kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀ pé ọba kan tí ń jẹ́ Shashanka gé igi Bodh Gaya, ó sì gbẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ kí ó lè parun. Ó ní ọba mìíràn, Purnavarma, ni ó fi wàrà màlúù bomi rin gbòǹgbò tí ó kù títí ó fi tún rúwé, tí ó sì mọ odi yí i ká.

Lẹ́yìn nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní agbègbè náà. Igbó bo ojúbọ, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Àwọn ọba Bọ́mà ni ó ń rán ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn wá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1876, ìjì wó igi àtijọ́ tí ó ti jẹrà. Alexander Cunningham, òyìnbó tí ó jẹ́ olórí àwọn tí ń wa nǹkan àtijọ́ jáde nílẹ̀ ní Íńdíà, mú irúgbìn igi náà, ó sì gbìn ín sí ojú ibi tí ìyá rẹ̀ ti wó, ní ọdún 1881. Igi tí a rí kò tíì pé 150 ọdún.

Àwọn baba wa ní, bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Igi náà ni, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ni. Kì í ṣe pé Bodh Gaya kò rí ìparun ni ó fi wà títí di òní. Ó rí i lẹ́ẹ̀kan, ó rí i lẹ́ẹ̀mejì, ó tún rí i. Ohun tí ó gbà á ni pé ní gbogbo ìgbà, ẹnì kan ti mú ọmọ igi náà sí ọwọ́ kí ìyá tó wó.

Àpẹẹrẹ kan tún wà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1891, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Sri Lanka kan, Anagarika Dharmapala, dé Bodh Gaya, ó sì bá ojúbọ náà nínú ìgbàgbé, lábẹ́ àkóso olórí ẹ̀sìn Híńdù kan. Ẹni ọdún 26 ni. Ọdún yẹn náà ni ó dá Maha Bodhi Society sílẹ̀ láti gba ẹ̀tọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà níbẹ̀. Ó pe ẹjọ́, ó kọ̀wé, ó rìn káàkiri ayé. Ní Sarnath, níbi tí Búdà ti kọ́kọ́ kọ́ni, ó kọ́ tẹ́ńpìlì kan tí a ṣí ní ọdún 1931, a sì gbin igi kan síbẹ̀ tí a mú láti Anuradhapura: ọmọ tí ó ti lọ sí òkè òkun padà wá sí ilẹ̀ ìyá rẹ̀. Dharmapala kú ní ọdún 1933 láìrí òpin ọ̀rọ̀ Bodh Gaya. Ọdún 1949 ni òfin kan tó fi àkóso rẹ̀ sí ọwọ́ ìgbìmọ̀ tí àwọn Híńdù mẹ́rin àti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà mẹ́rin wà nínú rẹ̀, tí aláṣẹ ìjọba agbègbè náà sì ń ṣe alága. Awuyewuye kò tíì tán. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Búdà ṣì ń béèrè pé kí ó di tiwọn pátápátá. Ṣùgbọ́n ojúbọ náà kúrò nínú ìgbàgbé.

Ọ̀rọ̀ tí ó fi ẹnu rìn

Ní ọ̀sán, a jókòó sábẹ́ ibòòji, à ń gbọ́ bí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́, ìyẹn àwọn tí wọ́n fi ilé àti ọ̀nà sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn náà, ṣe ń ka ọ̀rọ̀ Búdà lóhùn kan. A kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n etí wa mọ ohùn náà. Ohùn àwọn tí wọ́n kọ́ nǹkan sórí ni.

Búdà kò kọ ìwé kankan. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀rúndún mélòó kan ni àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ fi gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí. Wọ́n pín in: ẹgbẹ́ kan ń tọ́jú apá kan, ẹgbẹ́ mìíràn ń tọ́jú apá mìíràn, wọ́n sì ń péjọ kà á pọ̀ kí ẹni tí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ lè gbọ́ àtúnṣe lẹ́nu ẹnì kejì rẹ̀. Nígbà tí ogun àti ìyàn mú ní Sri Lanka, ní nǹkan bí 2,050 ọdún sẹ́yìn, àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n sórí ń kú. Ìgbà náà ni ìtàn sọ pé àwọn tí ó kù péjọ, tí wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sórí ewé ọ̀pẹ kan tí í hù nílẹ̀ wọn.

Àgbàlagbà ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan láti Sri Lanka rí aṣọ wa, ó ní kí ọmọ awo wa ṣe ògbufọ̀. Ó bèèrè ohun tí a jẹ́. A sọ fún un pé Odù 256 ni ó wà nínú Ifá, pé ẹsẹ inú Odù kọ̀ọ̀kan pọ̀, pé orí ni a fi ń gbé wọn, pé ọmọdé ni a wà nígbà tí a fi wá sọ́dọ̀ olúwo, tí a jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú rẹ̀ dùn gidigidi. Ó di ọwọ́ wa mú. Lẹ́yìn náà ó bèèrè pé: “Ẹ̀yin náà ńkọ́? Àwọn mélòó ni wọ́n ń jí lọ́dọ̀ yín báyìí?”

Awo mẹ́ta wo ojú ara wọn. Kò sí ẹni tí ó lè yára dáhùn.

Ibi tí òrùlé tiwa ti ń jò

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ ara wa, nítorí pé ọjọ́ ọdún kì í ṣe ọjọ́ irọ́.

Igi ọdán kan wà níwájú ilé olúwo tí ó kọ́ wa. Abẹ́ rẹ̀ ni a ti kọ́ bí a ṣe ń tẹ iyẹ̀rẹ̀ẹ̀sùn. Abẹ́ rẹ̀ ni a ti jẹ ẹgba nígbà tí a bá ṣi ọ̀rọ̀. Nígbà tí baba relé, ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kò sí níbi Ifá. Wọ́n ta ilẹ̀ náà. Ní ọdún kan, a gbé obì àti ọtí lọ láti lọ júbà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Bulọ́ọ̀kù ni a bá níbẹ̀. A ti wú ọdán náà tigbòǹgbòtigbòǹgbò.

A bínú sí ẹni tí ó tà, a bínú sí ẹni tí ó rà. Abẹ́ igi Bodh Gaya ni a tó mọ ẹni tí ó yẹ kí a bínú sí. Àwa ọmọ awo méjìlá ni a kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọdán yẹn. Olúkúlùkù wa ti kọ́lé. Olúkúlùkù wa ní àyè níwájú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ pé bí a bá gé ẹ̀ka ọdán, tí a sì gún un mọ́lẹ̀, yóò hù. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó gé ẹ̀ka kan lọ sílé. Sanghamitta gbé ẹ̀ka gba orí òkun. Àwa kò lè gbé tiwa kọjá àdúgbò kejì.

Èyí tí ó dùn wá jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ igi. Ẹsẹ Ifá gígùn kan wà tí baba máa ń kì ní òru ọdún nìkan. A fẹ́ràn rẹ̀, a máa ń gbe orin rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni a mọ̀. Ẹnì kejì wa mọ apá ibi tí ẹbọ wà. A kò mọ ẹni tí ó mọ àárín rẹ̀. Gbogbo wa rò pé ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n.

A kò sọ èyí láti mú kí ẹnikẹ́ni sọkún. Igi Ifá ti so ní òkèèrè. Àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú gbé e dé Kúbà àti Bràsíì, láìní ilé, láìní ilẹ̀. Orí nìkan ni wọ́n fi gbé e. Àwọn ọmọ wọn ń padà wá sí Ilé-Ifẹ̀ lónìí. Bí ẹni tí a dè ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ bá lè gbé ẹ̀ka lọ, kí ni àwíjàre tiwa?

Ohun tí a rò pé ó yẹ kí a ṣe

Ìkíní, kí a má ṣe fi igi kan ṣoṣo sílẹ̀ ní ojúbọ kankan láìní ọmọ níbòmíràn. Ìrókò ni o, ọdán ni o, ọ̀pẹ Ifá ni o, kí a gbin ọmọ rẹ̀ sí ibi méjì ó kéré tán, kí a sì kọ ọjọ́ tí a gbìn ín àti ọwọ́ tí ó gbìn ín sílẹ̀. Àwọn ará Anuradhapura ṣe é.

Ìkejì, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rí sí ìwé ilẹ̀ ojúbọ rẹ̀ nígbà tí àgbà tí ó ni ín ṣì wà láàyè. Dharmapala àti àwọn tí ó tẹ̀lé e fi nǹkan bí 60 ọdún jà fún ojúbọ tí gbogbo ayé mọ̀. Ta ni yóò jà fún èyí tí àdúgbò kan ṣoṣo mọ̀?

Ìkẹta, tí ó ga jù, kí a máa péjọ kì Ifá fún ara wa gbọ́, kì í ṣe láti fi dá ara wa lọ́lá, bí kò ṣe láti tún ara wa ṣe. Kí ẹni tí ó mọ ìbẹ̀rẹ̀ bá ẹni tí ó mọ òpin jókòó. Kí ọ̀dọ́ tí ó ní ẹ̀rọ gba ohùn sílẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti tọrọ àyè lọ́wọ́ Ifá lórí ohun tí ó ṣeé gbà sílẹ̀ àti ohun tí kò ṣeé gbà. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ má ṣe rọ́pò ọmọ awo. Ẹ̀rọ kì í jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́.

Nínú àwa méjìlá, méje ni ó kù. A ti ránṣẹ́ sí ara wa. Ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn ọdún yìí, a ó pàdé, olúkúlùkù pẹ̀lú apá ẹsẹ náà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a wò bí àárín rẹ̀ yóò bá padà. Bí ó bá padà, ẹ ó gbọ́ ọ ní òru ọdún tí ń bọ̀, lẹ́nu ọmọdé. Bí kò bá sì padà, a ó sọ fún yín pé kò padà, kí ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní olúwo lókè eèpẹ̀ lè tètè lọ jókòó tì wọ́n.

Ojú odò ló gbẹ, orísun kò gbẹ. Ọwọ́ tí yóò gbẹ́ iyanrìn ni ó kù.

Kí Ọ̀rúnmìlà jẹ́ kí a rí ọmọ rọ́pò. Kí ilẹ̀ tí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí gbogbo wa má jẹ́rìí lòdì sí wa. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.